Dúrọ́ọ̀mù Àlhájà àti Odò Iná Ojú Ọ̀run

Tí ẹ bá bi mí bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ òfurufú jẹun, ẹ̀rín ni màá kọ́kọ́ rín. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé ìwé kan làwọn kà ní kékeré, tàbí pé ìràwọ̀ kan làwọn rí tọ́kàn àwọn fà sí i. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù pàǹtí ló mú mi débẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù pàǹtí tí kò ní ìdérí, ní Ọgbà, láyé àwọn sọ́jà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni. Mo ti gboyè nínú físíìsì, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, sì ti fún gbogbo ayé lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe okùn náílọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkẹjà ló gbà mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fa okùn títí tó máa fi já, kí n wá kọ ibi tó ti já sínú ìwé. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, okùn ni mo ń fà já. Tẹ́nì kan bá bi mí pé kí ni mo ń fi oyè mi ṣe, màá ní, "Mo ń fà á já ni." Èmi àti bàbá mi la jọ ń gbé yàrá méjì nílé Àlhájà kan, ọmọ onílẹ̀ ní Agége tó kọ́lé sí Ọgbà. Yàrá iwájú ni ti bàbá mi, yàrá ẹ̀yìn ni tèmi. Ìyá mi àtàwọn àbúrò mi wà ní Èkìtì.

Bàbá mi ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí kí wọ́n tó di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá. Wọ́n gún bí rúlà. Wọ́n lè rí àṣìṣe nínú àdúrà pásítọ̀, kí wọ́n sì dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà láti tún un ṣe. Àwọn ni wọ́n bá mi wá iṣẹ́ sí báńkì kan ní Opebi nípasẹ̀ ọmọ ìjọ wọn kan. Ẹ ò mọ ohun tí báńkì jẹ́ nígbà yẹn! Bàbá tí ọmọ ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kì í rìn mọ́, ṣe ló ń yan. Lẹ́tà náà ti jáde, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni kí n bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin torí mo rò pé ìkúnlẹ̀ nìkan kò ní tó, àmọ́ inú mi bà jẹ́.

Ìdí ni pé mo ti lọ rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní yunifásítì. Mo fẹ́ padà lọ ṣèwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àyè akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ àwọn, ẹ̀rọ kankan kò sì sí mọ́: ọ̀kan ti kú, eku ti jẹ wáyà èkejì. Wọ́n wá sọ ohun kan fún mi tí mo ń gbọ́ létí dòní. Wọ́n ní lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti yọ, iná mànàmáná máa ń ṣàn lókè wa bí odò, lókè réré níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ẹ́rẹ́. Ìlú tó wà nítòsí agbedeméjì ayé bíi tiwa ló máa ń gba orí ẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó lè rí i, àmọ́ ó máa ń ti mágínẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ níbí díẹ̀díẹ̀, títí di ọ̀sán tó máa lágbára jù. "Lọ fi ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ṣe ohun tó máa rí i," wọ́n ní. "Mú àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tó bára mu wá kí oṣù kẹwàá tó wọlé. Tó o bá mú un wá, o ti di akẹ́kọ̀ọ́ mi."

Mo fò jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ìyàwó. Odò iná ń ṣàn lórí Ọgbà, àwa sì ń ra kẹrosíìnì!

Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan nínú sìpíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Mo lẹ dígí inú pọ́dà mi mọ́ ọn, mo fi okùn náílọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ wa so ó rọ̀ sínú ìgò súwíìtì ńlá kí atẹ́gùn má bàa kàn án. Mo wá lọ́ okùn yẹn lọ́lọ̀ọ́lọ́ títí mágínẹ́ẹ̀tì fi kúrò lójú àríwá tó fẹ́ràn, tó dojú kọ ìlà oòrùn tipátipá. Bó ṣe ń wù ú láti padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni okùn ń fà á sẹ́yìn. Ohun kékeré tó bá ti kún agbára mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ayé máa yí i. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí náà, ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan sì bọ́ sára ògiri kejì, níbi tí mo lẹ pépà mọ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá rìn, odò ọ̀run ló ń kún nìyẹn. Mo fi kọ́tìnì dúdú bo fèrèsé, mo kó gbogbo irin jáde nínú yàrá, títí kan bẹ́ẹ̀dì mi. Orí ẹní ni mo ń sùn.

Àlhájà rí bẹ́ẹ̀dì níta, wọ́n yọjú.

"Kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

"Òòfà ni, mà."

Àlhájà lanu. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Òòfà? Ìwọ ọmọ yìí, bó bá jẹ́ ọkọ lò ń wá, ṣé o ò lè sọ fún mi ni? Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan ní Agége, ó níwà, ó ń ta táyà. Kí lo fẹ́ fi òòfà ṣe?"

Mo ṣàlàyé títí, ẹnu mi gbẹ. Mo ní oòrùn ni òòfà mi ń wò. Wọ́n ní, "Nínú òkùnkùn?" Wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bi mí láràárọ̀ pé ṣé oòrùn ti dáhùn.

Kò tíì dáhùn. Ìmọ́lẹ̀ mi kò rìn, ijó ló ń jó. Tírélà ní títì, ó jó. Ilé iṣẹ́ tó wà níwájú tan ẹ̀rọ, ó jó. Alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ òpópónà gbé irin, ó jó, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò pé mo ti pàdánù, mo sunkún díẹ̀, mo jẹ ẹ̀wà, mo tún wò ó. Ìgbà tó di Sátidé ìparí oṣù keje ni ojú mi là.

Sátidé sánítéṣọ̀n ni. Àwọn tó gbé ayé nígbà yẹn mọ̀ ọ́n: láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ rìn, ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣí, kí oníkálùkù jáde wá gbálẹ̀ ojúlé ẹ̀. Sọ́jà wà ní títì fún ẹni tó bá ṣe agídí. Gbogbo Èkó ń gbálẹ̀, gbogbo Èkó ń kùn. Èmi wà nínú yàrá mi, mo ń wo ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, díẹ̀díẹ̀, lọ sápá ọ̀tún. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fi pẹ́ńsù sàmì. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún sàmì. Ìjọba ológun, tí kò ṣe mí lóore kan rí, ló dá gbogbo ìlú dúró kí n lè wo oòrùn.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́sàn-án lù, ìmọ́lẹ̀ náà ṣàdédé fò ní ìka mẹ́ta! Ó dúró síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ó tún fò padà síbi tó yẹ kó wà, ó sì ń bá ìrìn ẹ̀ lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo pariwo. Ní Sátidé ìparí oṣù kẹjọ, ó tún ṣe é, ní àkókò kan náà gan-an. Mo jó yípo ìgò. Mo ti rí ohun tẹ́nikẹ́ni kò rí rí! Mo tiẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò ní sọ orúkọ náà fún yín, ìtìjú ẹ̀ ṣì ń mú mi.

Mo gbé pépà méjèèjì tọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, mo ń rìn bí ẹni tó fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ìgbà wo ni oòrùn ra aago?" wọ́n bi mí.

Mo tún pépà wò.

"Oòrùn kì í fò lákòókò kan náà ní Sátidé méjì. Èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Padà sílé, kó o lọ wádìí ohun tí ẹ máa ń ṣe lágboolé yín nígbà tó bá ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́sàn-án lù. Tó o bá lè sọ ọ́ fún mi, tí ẹ̀kẹta sì mọ́, màá gba méjì yìí. Tí o ò bá lè sọ ọ́, má wulẹ̀ wá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Lọ́jọ́ kejì mo rìn yíká ilé, mo ń wo ilẹ̀ bí adìyẹ. Lẹ́yìn ògiri yàrá mi, níbi tí koríko ti hù, mo rí ojú ibì kan róbótó tí nǹkan wúwo ti tẹ̀ sílẹ̀, ipasẹ̀ bàtà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹni méjì. Mo lọ bá Àlhájà. Wọ́n kọ́kọ́ ní "Róbótó wo?" Wọ́n tún ní àwọn ò mọ nǹkan kan, wállàhì. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé ọjọ́ ọ̀la mi ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Òfin ni pé dúrọ́ọ̀mù pàǹtí gbọ́dọ̀ ní ìdérí. Òfin ni pé kànga náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí. Ìdérí kan ṣoṣo ló wà lágboolé, kànga ló ń dé, torí Sáàpù kò jẹ́ kí wọ́n ra èkejì. Tí wolé-wolé bá ń bọ̀ láti wo ilé, nígbà tó bá ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́sàn-án lù, wọ́n á yí dúrọ́ọ̀mù irin yẹn lọ sẹ́yìn yàrá mi. Tó bá ti kọjá, wọ́n á yí i padà. Ohun tí mo sọ lórúkọ yẹn, dúrọ́ọ̀mù ni!

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mi mú. Lónìí tí mo ń bá wọn ṣọ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń gbọ́ ìgbì agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, láti ibi tí ìràwọ̀ méjì bá ti forí gbárí, ìgbì tó máa ń mi ayé bíńtín láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n lára, iṣẹ́ mi gan-an ni kí n wá dúrọ́ọ̀mù. Mọ́tò tó kọjá, òkun tó ru, ẹni tó sáré lórí àtẹ̀gùn: gbogbo wọn ló ń díbọ́n bí ìràwọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fajú ro níwájú wọn. Èmi kì í lè fajú ro.

"Àmọ́ Àlhájà," mo ní, "ipasẹ̀ ẹni méjì ni mo rí. Ta ló ń bá yín yí i?"

Àlhájà wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n tún hijáàbù wọn ṣe.

"Bàbá ẹ ni."

Bàbá mi! Òṣìṣẹ́ ìjọba Aláúsá, ọ̀gá ilé ìwé àná, ẹni tó ń lọ tún àdúrà pásítọ̀ ṣe, ló ń bá wọn gbé pàǹtí pamọ́ fún ìjọba! Nígbà tí wọ́n dé nírọ̀lẹ́, mo bi wọ́n. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé ìdérí ìwọ̀n yẹn ṣọ̀wọ́n, pé Àlhájà jẹ́ opó, pé ẹni tó bá ń gbé ilé onílé gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún onílé. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Mo wá sọ ti ọ̀jọ̀gbọ́n fún wọn, gbogbo ẹ̀, èyí tí mi ò tíì sọ tẹ́lẹ̀. Mo ní mi ò fẹ́ lọ báńkì. Mo ní Sátidé ìparí oṣù yìí nìkan ló kù fún mi. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Sátidé náà pé. Mo wà nínú òkùnkùn láti aago méje, ìmọ́lẹ̀ mi ń rìn bí ọmọ tó gbọ́ràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níta, etí ni mo fi gbọ́ ọ, Àlhájà sì sọ èyí tó kù fún mi. Wọ́n ní nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́sàn-án lù, àwọn gbá etí dúrọ́ọ̀mù mú, àwọn ń dúró de bàbá mi. Bàbá mi jáde, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Àlhájà," wọ́n ní, "lónìí, a ò ní gbé e."

"Ẹ̀n? Wolé-wolé ti wà nílé kejì o!"

"Ọmọ mi ń wo oòrùn."

Àlhájà ní àwọn wo bàbá mi, àwọn wo dúrọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ sì wọ àwọn lákínyẹmí ara. Wọ́n gbé pátákó kan lé ẹnu dúrọ́ọ̀mù, wọ́n wọ́ ìró wọn sílẹ̀, wọ́n sì jókòó lé e lórí bí ọba. Bí wolé-wolé ṣe wọlé pẹ̀lú sọ́jà kan lẹ́yìn nìyẹn.

"Àlhájà, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká wo ìdérí."

"Orúnkún mi ni, ọmọ mi. Tí mo bá ti jókòó báyìí, ó di ọ̀la."

Bàbá mi kí wolé-wolé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ìlú ẹ̀, ilé ìwé tó lọ, ọdún tó jáde. Sọ́jà ní tiẹ̀ ti rí ilẹ̀kùn mi tó wà ní títì. "Who dey there? Come outside, everybody dey sweep!" Ó ń bọ̀. Mo gbọ́ bàtà ẹ̀. Mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ mi gbọ̀n, tó sún bí ìbú èékánná. Ìbọn ló mú lọ́wọ́!

Mi ò mọ ẹni tó gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀, mo pariwo lé e: "Oga, abeg, carry that gun go back! Go back, go back! You dey spoil am!"

Ọkùnrin náà ta gìrì. Bóyá òun ni sọ́jà àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin tí kò bẹ̀rù ọta lé sẹ́yìn láàárọ̀ Sátidé. Ó sún sẹ́yìn, ó tún sún sẹ́yìn, títí ó fi dé ẹnu géètì, ìmọ́lẹ̀ mi sì padà sójú ọ̀nà.

Wolé-wolé, tó jẹ́ pé pẹ́ńsù àti ìwé nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, wá yọjú. Mo ní kó bọ́ bẹ́líìtì ẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé. Ó bọ́ ọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú òkùnkùn, ó di ṣòkòtò ẹ̀ mú, mo sì sọ ti odò iná fún un. A jọ wo ìmọ́lẹ̀ náà tó ń rìn. Ó gbójú sókè wo àjà.

"Ẹ ń sọ pé iná mànàmáná ń ṣàn lórí wa báyìí?"

"Lójoojúmọ́."

"Tí wọn ò sì fún wa ní tiwa nílẹ̀ láti ọjọ́ Wẹsidé?"

Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì. Nígbà tó ń jáde, ó kọjá níwájú Àlhájà tó ṣì gúnwà sórí dúrọ́ọ̀mù. Ó ní, "Àlhájà, tí orúnkún yín bá ti gbádùn, ẹ bá mi ra ìdérí." Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé ẹ̀. Aago mẹ́wàá lù, mọ́tò tú sí títì, ìmọ́lẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ ijó. Kò sí ohun tó kàn mí mọ́. Mo jáde, mo dì mọ́ Àlhájà lórí ìtẹ́ wọn, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, pàǹtí sì ń rùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀jọ̀gbọ́n gbé pépà mẹ́ta léra wọn, wọ́n nà wọ́n sójú fèrèsé. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun òkè papọ̀. Wọ́n fi ìka kan ibi tó fò lórí méjì àkọ́kọ́.

"Èyí ń kọ́?"

"Dúrọ́ọ̀mù pàǹtí ni, sà. Onílé wa àti bàbá mi ló ń yí i."

Wọ́n tún fi ìka kan ibi kékeré tó gbọ̀n lórí ẹ̀kẹta. "Èyí?"

"Ìbọn ni, sà. Mo ní kó padà."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa fọ́ọ̀mù jáde. Níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi gbà mí, wọ́n kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: ó mọ ohun tí kì í ṣe oòrùn.

Mo gbé fọ́ọ̀mù náà délé. Bàbá mi kà á lórí ìdúró, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ń wá àṣìṣe tí wọ́n máa rí níbẹ̀. Wọn ò rí ìkankan. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n fa pépà tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà jáde, wọ́n sì ní kí n bá àwọn tan fìtílà wá. Wọ́n fi ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀gá ilé ìwé yẹn, tó mọ́ tó sì gún, kọ̀wé sí báńkì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo dúró lẹ́yìn èjìká wọn, mò ń kà á bó ṣe ń jáde. Wọ́n kí ọ̀gá báńkì, wọ́n dúpẹ́ oore, wọ́n tọrọ àforíjì. Wọ́n dá bírò dúró díẹ̀ lórí pépà, wọ́n wá kọ èyí tó kù: Ọmọbìnrin mi kò ní lè wá mọ́. Ó ti rí iṣẹ́.